Ìlà Pupa Nínú Ìwé Gbèsè

Lálẹ́ Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù,
èmi àti màmá mi la máa ń fọ ife kéékèèké
tí ìjọ wa ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ fi ń mu wáìnì ìrántí.
Ọgọ́fà ife ni. Mẹ́ta ti sán létí.
Màmá kì í jẹ́ kí n sọ wọ́n nù.
"Ẹni tó sán náà ń bọ̀ wá mu," ni í wí.

Ìdí abọ́ yẹn ló ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún mi,
Jeremáyà Àjíbóyè, òṣómàáló,
tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìlẹ́ṣà dé Ọ̀tùn,
ẹrù aṣọ lórí, ìwé gbèsè lábíyá.
Ẹ mọ irú wọn: wọn á tà á láwìn fún ọ lónìí,
bí ọjọ́ bá pé, wọn á wá lóṣòó síwájú ilé rẹ,
wọn ò ní jókòó, wọn ò ní mumi:
"Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi."
Ìtìjú á sì mú ọ wá owó jáde.

Lọ́jọ́ kan ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà Ọmọ́tẹ́jú opó.
Oòrùn là, ó wà níbẹ̀. Oòrùn kan àtàrí,
orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Nígbà tó yá obìnrin náà yọjú, kò mówó lọ́wọ́.
Ó ní: "Baba, ẹ dìde.
Aṣọ yín wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé.
Òun ni mo fi wé ọmọ mi."

Bàbá dìde.
Màmá ní kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí ìwé,
ó fi yíǹkì pupa fa ìlà kan kọjá lórí orúkọ rẹ̀,
ó gbọ̀nà ilé.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí.
Aṣọ náà kì í ṣe tirẹ̀; àwìn lòun náà gbà á
lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Ìjọ̀fì, ọkùnrin tí kì í gbàgbé kọ́bọ̀.
Ìkórè kòkó méjì ni bàbá fi roko fún un.
Ìkórè kòkó méjì, pẹ̀lú orúnkún yẹn.
Gbèsè kì í kú sínú afẹ́fẹ́.
Bí o bá rí ẹni tó ń ju apá rìn,
ẹnìkan ti ru ẹrù rẹ̀ níbì kan.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ "Ẹ máa ṣe èyí ní ìrántí mi,"
mo rò pé Jésù ń bẹ̀rù kí a má gbàgbé òun ni.
Bóyá. Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó báyìí
pé ìrántí yẹn, àwa ló wà fún,
kí a má bàa rò pé gbèsè wa fò lọ bí ẹyẹ.
Igi wà. Ìṣó wà.
Ìlà pupa kan wà tí a fà kọjá lórí orúkọ mi,
yíǹkì rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Mo sì ní ìwé gbèsè tèmi.
Fọlọ́runṣọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lójú ewé àkọ́kọ́:
ilẹ̀ tó tà lẹ́yìn mi, ẹ̀rín tó fi mí rín.
Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nínú ọkàn mi.
Òun ò mọ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn.
Èmi ni orúnkún ń dùn.

Lówùúrọ̀ Sọ́ńdè yìí, ìkùukùu ṣì wà lórí òkè,
mo kúnlẹ̀ níbi tábìlì.
Ife tó kàn mí, ọ̀kan nínú àwọn tó sán ni.
Mo rántí Ẹni tí gbogbo ayé jẹ lówó,
tó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi,
tí mo ń sá sí yàrá nítorí mi ò lówó,
tó na ọwọ́ tí ìṣó dá lu sí mi:
rìsíìtì ló wà nínú rẹ̀.

Mo mu ún. Etí ife náà gé mi létè díẹ̀.
Mi ò tí ì pe Fọlọ́runṣọ́.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ dìde, màmá nawọ́ sí mi,
orúnkún mi sì ké,
bí wọ́n ṣe ní ti bàbá ń ké.