Ó Ṣẹ́ Ku Ọ̀kan

Páànù mẹ́rìndínlógún ni ìjì ká lórí kíláàsì mi.
Mo kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ; tíṣà ìṣirò ni mí, kò sí bí mo ṣe lè ṣe é.
Wọ́n fò kọjá orí igi àgbọn, wọ́n dorí kọ ọ̀sà.
Ọ̀kan já sẹ́bàá ọkọ̀ Múráínà apẹja,
ó fi bo ẹja rẹ̀ délé,
a ò sì gbúròó rẹ̀.

Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Ọ̀nàfowókàn, kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà mẹ́ta.
Èmi ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀pẹ́.
Akọ̀wé kánsù wo lẹ́tà, ó wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi.
Ó ní, "Tíṣà, àga là ń ṣe níhìn-ín,
àti ilẹ̀kùn tó bá yẹ̀ lára férémù.
Òrùlé ju apá wa lọ. Ti ìpínlẹ̀ ni.
Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ o, àtẹ̀gùn yẹn ti jẹrà."

Ní Aláùsá, ẹ̀rọ amúlétutù ń sunkún sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.
Ọmọbìnrin kan fún mi lága, ó ṣí fáìlì.
"Ẹ wà lórí ìwé, sà. Ipò kẹtàlélọ́gọ́rin.
Ṣùgbọ́n ìdajì owó náà, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni yóò ti wá,
wọn kì í sì í yọ tiwọn
àfi tí a bá kọ́kọ́ fi tiwa lélẹ̀,
tiwa sì ń dúró de ẹni tó máa buwọ́ lù ú."
Mo bi í pé níbo ni ẹni náà wà.
Ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ti ń kún.

Mi ò dé Àbújá. Owó ọkọ̀ mi ò dé Àbújá.
Mo fi ẹ̀dà kẹta sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́,
mo gbọ́ bó ṣe balẹ̀ gbì,
bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà, mo dúró sáàárín yàrá náà, mo wò yí ká.
Àga: kánsù ló ni ín, ọ̀dà pupa lẹ́yìn rẹ̀.
Ìwé kíkà: ìjọba àpapọ̀, òǹtẹ̀ "a kò gbọdọ̀ tà á" lójú ewé kìíní.
Owó oṣù mi: ìpínlẹ̀ ló ń ka orúkọ wa,
wọ́n ní nínú ti kánsù ni wọ́n ti ń yọ ọ́,
ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò bèèrè, ó ń wọlé.
Ilẹ̀: ìdílé Ọ̀ṣìbógun ló fi tọrẹ,
wọ́n sì ń rán wa létí lọ́dọọdún.
Ṣáláńgá: àwọn òbí ló dáwó.
Ẹran àjọsìn, mọ́ ìso lebi ń pa á sí.
Mo pa òwe yẹn tán, mo wẹ̀yìn.
Ẹni tó ń jẹ nínú ẹran náà kò gbọdọ̀ pariwo.

Ọjọ́bọ̀, Múráínà dé láìpè,
páànù lórí, ìṣó lẹ́nu.
Apá ibi tí Rọ́fíátù ọmọ rẹ̀ ń jókòó ló kàn án mọ́.
Ibẹ̀ nìkan.
Kò wí nǹkan kan, èmi náà ò wí.
Kó tó dé ìsàlẹ̀ àkàbà,
ọmọ mọ́kànlélógójì ti gbé bẹ́ǹṣì wọn,
wọ́n ti há ara wọn sábẹ́ ẹ̀ bí ẹja inú àwọ̀n.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ní, ẹ pín mẹ́rìndínlógún sọ́nà mẹ́ta.
"Márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún," ni Rọ́fíátù wí,
"ó ṣẹ́ ku ọ̀kan."
Mo ní, kí la ó fi ọ̀kan náà ṣe?
Ó gbójú sókè.
Oòrùn ti kan páànù náà;
òórùn ẹja ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ìwé wa.