Àpáta Kì Í Já Tíkẹ́ẹ̀tì

Èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì pápá Ìkẹ́rẹ́
láti ìgbà tí owó ìwọlé ti wà ní àádọ́ta náírà,
tí mo ń ti èèyàn sẹ́yìn
bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gbágùúdá.
Àjákù tíkẹ́ẹ̀tì a kún àpò ṣòkòtò mi méjèèjì,
ìyàwó mi a sì fi dáná ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ka orí tó wọlé:
mẹ́tàdínlógójì.
Mo tún un kà.
Mẹ́tàdínlógójì náà ni,
bí a bá ka ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá mọ́ ọn.

Alága Fápohùndà ló ní kí owó di ẹgbẹ̀rún méjì.
Ó ní bọ́ọ̀sì ń mu epo, ó ní rẹfirí ń jẹun,
ó ní ohun tí èèyàn bá rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kì í kà á sí.
N kò bá a jiyàn. Owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ mí,
ẹni tí wọ́n jẹ lówó a máa rọra sọ̀rọ̀
kí gbèsè má baà bínú.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹgbẹ̀rún méjì ń jẹ́.
Tíṣà Ọmọ́níyì, tí kì í pa eré kankan jẹ,
dé ẹnu géètì, ó fọwọ́ kan àpò, ó tún fọwọ́ kan án,
ó bèèrè ara ilé mi, ó bèèrè orúnkún mi tó ń dùn mí,
ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni.
Kọjá lọ síbo?
Ẹnu géètì wa ni ọ̀nà yẹn parí sí.

Nílé ìwòran Gbọ́yèga, igba náírà péré ni.
Àwọn ọ̀dọ́ ń bá ara wọn jà níbẹ̀
nítorí ìlú tí òjò rẹ̀ kò pa wọ́n rí.
Wọ́n mọ orúkọ ìyá agbábọ́ọ̀lù òkè òkun,
wọn ò mọ̀ pé Dípẹ̀, gólìkípà wa,
ló kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé.

Fèrè dún.
Mo gbọ́ tí kóòṣì ń mí.
Mo gbọ́ ìró bàtà nínú koríko.
Alága nìkan ló wà lábẹ́ òrùlé,
ó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tà fẹ́ ara rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kẹtàdínláàádọ́rin, Ìjerò gba pẹnárítì.
Dípẹ̀ tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fò sọ́tùn-ún,
ó fi ìka mẹ́ta gbá a síta.
Ariwo sọ!
Ariwo wo? Èèyàn mẹ́tàdínlógójì kò lè pa irú rẹ̀.
Mo gbójú sókè:
orí àpáta ẹ̀yìn góòlù kún bámúbámú.
Tíṣà Ọmọ́níyì rèé, ó fi bàtà há abíyá,
ìyá Dípẹ̀ rèé, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀,
àwọn ọmọ ilé ìwòran rèé, iná ti lọ mọ́ wọn lọ́wọ́.
Dípẹ̀ kẹ̀yìn sí àga olówó,
ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àpáta.

Alága ní kí n lọ gbowó lọ́wọ́ wọn.
Mo gbé ìwé tíkẹ́ẹ̀tì, mo gòkè, orúnkún ń ké.
Nígbà tí mo débẹ̀, kò sẹ́ni tó sá.
Tíṣà kàn sún díẹ̀, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀ òkúta:
“Jókòó. Ibí gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń rí bọ́ọ̀lù.”

Mo jókòó.
N kò mọ̀ pé bí pápá wa ṣe lẹ́wà tó nìyẹn.
Ọdún mọ́kànlélógún tí mo fi dúró sí géètì,
ẹ̀yìn ni mo kọ sí i.