Ojú Ìwé Kọkànlélọ́gọ́ta

Àǹtí Ìbídùnní ló fi ìwé àtijọ́ yẹn sílẹ̀,
nínú páànù bisikíìtì, ní Èbúté-Mẹ́ta.
Kòkòrò ti jẹ orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.
Mo bú ìyàwó inú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú:
kí ló dé tí o ò kó ẹrù rẹ?
Omi ìwẹ̀ ta lò ń gbé kaná,
ọkùnrin tí kì í délé?
Àǹtí náà ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ìwé:
IRỌ́ NI.

Lánàá mo ra tuntun lábẹ́ bíríìjì Yábà.
Ọmọdébìnrin ló kọ ọ́.
Ìyàwó tirẹ̀ kó ẹrù ní orí kìíní,
ó wọkọ̀ ojú omi, kò wẹ̀yìn.
Mo pàtẹ́wọ́, èmi nìkan nínú yàrá.
Ṣùgbọ́n ta ló pa sítóòfù?
Ta ló da omi yẹn nù?
Kò sọ. Ìwé parí bí ìgbà tí wọ́n múná lọ.
Mo jù ú mọ́ ògiri.
Mo tún lọ ṣà á.

Wọ́n sì múná lọ lóòótọ́.
Mo tan fóònù sí ti àtijọ́.
Mo ti pé mẹ́tàlélógójì; èmi náà ti gbé omi kaná rí,
mo mọ bó ṣe ń tutù.
Mo fẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀: Àǹtí, kì í ṣe irọ́ o.
Àfi bí mo ṣe rí i
pé bébà ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́:
ó ti pa á rẹ́ rí,
ó tún un kọ,
ó tún pa á rẹ́,
ó tún un kọ.