Ìrántí Àlòkù

Wọ́n ń ta ìrántí ní Lágeré
bí ẹní ń ta ìṣáná, lábẹ́ gíláàsì tó ti sán.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni gíìgì méjì.
N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà.
Ilé-ìwé kan ló gbá a síta, mo rà á lówó pọ́ọ́kú
lọ́dún tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé síwájú géètì Yunifásítì.
Tí mo bá tàn án láàárọ̀, màá gbálẹ̀, màá pọnmi,
màá kí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì tán,
kó tó ṣẹ́jú.

Ó bá iṣẹ́ àṣekágbá Fọlárìnwá dé ojú-ewé kọkànlélọ́gọ́ta,
iṣẹ́ tó kún fún àwòrán ewé kòkó tó ń ṣàìsàn,
ló bá dúró gbagidi.
Òrùka kékeré ń yí lójú rẹ̀, ó ń yí ṣáá.
Ọmọ náà ń fi èyí tí mo ti tẹ̀ fún un fẹ́ra.
"Mà, ọ̀la ni wọ́n ní ká fi sílẹ̀ o."

Gbádéró tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà.
Eruku. Ẹyin ọmọńlé méjì. Pínnì kan tí mo ti wá tì.
"Kò sóun tó ṣe é," ó ní, "àtẹ rẹ̀ ló kéré.
Díìsì yín, àká nìyẹn: iṣu ibẹ̀ pọ̀.
Ṣùgbọ́n ìrántí ni àtẹ tí ẹ ó kó o sí kẹ́ ẹ tó tà á.
Tiyín ò gbà ju iṣu mẹ́ta lọ."

Mo rántí bàbá mi ní Ìlódè,
tó lè sọ iye tí wọ́n ra kòkó lọ́dún tí wọ́n bí mi,
tó sì ń bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ kan bóyá òun ti jẹun.
Àká kún. Àtẹ ni.
N kò sọ ọ́ fún Gbádéró.

Mo kánjú, mo kọ́kọ́ sáré lọ rà á lọ́wọ́ òfo.
Ọ̀gbẹ́ni tó tà á búra pé yóò wọlé.
Àlàfo tó wà láàrin eyín rẹ̀
fi ìdajì hóró ìrẹsì yà sí ti ẹ̀rọ mi.
Mo tì í, ó kọ̀. Mo fẹ́ fi agbára tì í,
Gbádéró di ọwọ́ mi mú:
"Mà, bàtà ọmọ ọdún méjì kì í gba ẹsẹ̀ àgbà.
Ẹ mú ti àtijọ́ dání,
bí ẹni mú aṣọ lọ wá òwú tó bá a mu."

Mo fi bébà wé e, mo gun ọ̀kadà padà.
Morẹ́nikẹ́ tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka nọ́ńbà.
"Wọn ò ṣe irú eléyìí mọ́. Àlòkù nìkan ló kù."
Mo ní, "Ṣé ohun tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ ń rò ò ṣì sí nínú rẹ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi mì.
"Ìrántí yìí, iná ló ń jẹ.
Bí iná bá ti lọ, ó ti gbàgbé bàbá tó bí i."
Mo dá márùn-ún, a parí ẹ̀ sí mẹ́fà àbọ̀.

Ó wọlé: kà, lápá òsì; kà, lápá ọ̀tún.
A tàn án. Ó ké pí, pí, pí, bí òròmọdìẹ tó já sí kòtò.
Owó mi ti wọgbó.
Gbádéró yọ ọ́, ó fi írésà Fọlárìnwá nu eyín wúrà rẹ̀,
ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dá a padà.
Lọ́tẹ̀ yìí, n ò tíì mú ìgbálẹ̀ tó fi ṣẹ́jú.

Ojú-ewé kọkànlélọ́gọ́ta kọjá. Àádọ́rin kọjá.
Ewé kòkó aláìsàn ń ṣí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
Ojú-ewé kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún la wà
tí NẸ́PÀ fi mú iná lọ.

Òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Fọlárìnwá bi mí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀:
"Mà, ẹ ti tọ́jú ẹ̀?"

Mo ń gbìyànjú láti rántí.