Ojú-ìwé Kejìlélógójì

Bébà sìmẹ́ńtì ni bàbá wa fi bo ìwé náà,
ó fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ létí.
Títí dòní, bí mo bá gbé e sí imú,
ilé tuntun ló ń rùn,
ilé tí a kò kọ́ parí.

Ìwé kíkà kíláàsì kẹrin ni.
Ọmọ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Àtàndá,
ó ní ọ̀dọ́-àgùntàn kan, Òwú lorúkọ rẹ̀.
Àtàndá a máa já ewé ọ̀pọ̀tọ́ fún un,
a máa sọ àsọtì fún un bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.
Ní ojú-ìwé kọkànlélógójì, òjò ṣú.

Ibẹ̀ ni Ìyáàfin Oyèdìjí máa ń dúró sí lọ́dọọdún.
Á yọ awò ojú rẹ̀, á fi etí ìró nù ún,
á ní, “Ẹ pa ìwé dé. Ẹ lọ gbá abẹ́ máńgòrò.”
Èmi tí mo jókòó sí kíláàsì yẹn lẹ́ẹ̀mejì mọ̀
pé abẹ́ máńgòrò kò dọ̀tí.

Àbúrò mi Ìṣọ̀lá ló ṣí òdìkejì.
Kò tíì mọ̀wé kà dáadáa, ìka ló fi ń tọ lẹ́tà
bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní:
Ò. Wú. Kú.
Ó gbójú sókè. “Ìgbà wo ló máa jí?”

Ẹ má bá a wí.
Ìyá wa àgbà ní Apáké kì í jẹ́ kí àlọ́ kú mọ́ ọn lẹ́nu.
Ọmọ tí erè gbé mì á kọrin jáde láti inú ikùn rẹ̀,
ìjàpá á fọ́ yángá, wọn á tún un rán,
bí a bá sì sunkún, ìyá àgbà á tún ìdí rẹ̀ ṣe.
Ṣùgbọ́n ìwé kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
A pa á dé, a tún un ṣí,
Òwú ṣì kú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì Ìṣọ̀lá bu ẹ̀kọ mi,
ó lẹ kejìlélógójì mọ́ kẹtàlélógójì,
ó jókòó lé ìwé náà títí ó fi gbẹ.
“Ó tán,” ó ní. “Òjò ṣì ń ṣú ni.”

Ọyẹ́ ló dé, kì í ṣe òjò.
Ibà ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù,
bàbá mi gbé bàtà rẹ̀ padà wálé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.
Àwọn àgbà Màsífà kún iyàrá wa:
omi ló dànù, agbè ò fọ́,
omi ló dànù, agbè ò fọ́.
Omi yẹn ní orúkọ.

Ìyáàfin Oyèdìjí kò sọ ti omi, kò sọ ti agbè.
Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi,
ó gbá àgbàlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán,
ó gbá a dé ìdí ògiri, ó tún gbá a padà.

Lánàá, ọmọ mi Móradéyọ̀ rí ìwé náà ní ìsàlẹ̀ àpótí.
Ó kà á dé ibi òjò.
Ó gbé ewé tó nípọn náà sókè sí ojú fèrèsé:
lẹ́tà gun lẹ́tà, dúdú nínú dúdú,
àmì ìka kékeré kan sì wà létí rẹ̀
níbi tí ẹ̀kọ ti yọ síta.

“Màámi, ta ló lẹ̀ ẹ́ pọ̀?”

Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ yẹn nílé wa.
Omi ń hó lórí ààrò. Mo lè fi ooru rẹ̀ ṣí i.
“Ìṣọ̀lá,” ni mo wí.
“Ọmọ ọdún mélòó ni?”
“Mẹ́fà.”

Ó gbé ìka tirẹ̀ lé orí ìka náà, ó wọ̀n ọ́n wò.
“Háà,” ó ní, “èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn.”