Ohun Tí Ẹní Yà

Ní Ògòtún, lẹ́yìn ilé Ìyá Fágbùyì,
wọ́n lé tìróò sójú Ìbídùn,
ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ tí kì í jókòó.
Wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ bàtà tó ń dún fín-ín fín-ín,
wọ́n da páúdà sí i lọ́rùn bí ẹni ń fi iyọ̀ pa ẹja.
Ìyá rẹ̀ ní, "Yà á báyìí, kó tó dọ̀tí."

Mo gbé kámẹ́rà sójú. Ọmọ náà le gbagidi.
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.
Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ògiri ilé wa kún fún un:
bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ìsàlẹ̀ ọjà.
"Dúró gbọnrangandan! Má ṣẹ́jú!"
Bó ṣe ń pàṣẹ fún arúgbó, ló ń pa á fún ìkókó.
Títí ó fi kú, kò ya ọmọdé kan tó jọ ọmọdé.
Èmi náà wà lára wọn,
mo rí bí akọ̀wé kóòtù tí wọn ò sanwó oṣù fún.

Mo bá gbé kámẹ́rà kalẹ̀.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń bó ẹ̀pà.
Ẹni tó bá dúró ya ọmọdé, àtàrí ló yà.
Bẹ̀rẹ̀, kí ojú rẹ bá ojú rẹ̀ pàdé,
kí èèrà tó ń wò, ìwọ náà rí i.
Má pòṣé sí i, má pa àtẹ́wọ́.
Ọmọdé kì í ṣe adìẹ.

Ó pẹ́. Ó bọ́ bàtà kan.
Ó yọjú wo ihò ẹní tí wọ́n ká,
ó sọ̀rọ̀ sí i, ohùn rẹ̀ padà wá bá a,
ó rẹ́rìn-ín. Èyí kì í ṣe ti eyín dídùn.
Kẹ́!
Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Gbogbo ilé sáré kó ẹní wọlé,
òun nìkan ló dúró, ó yọ ahọ́n, ó ń tọ́ ọ̀run wò.
Kẹ́! Tìróò ti ṣàn dé àgbọ̀n.
"Bàtà kejì dà?" Ìyá rẹ̀ ń pariwo.
Bàtà kejì wà nínú fọ́tò, ẹnu ewúrẹ́ ló wà.

Ìyá Fágbùyì wo ojú kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
"Ẹ kú uṣẹ́ o. Ti ahọ́n yẹn ni kí o tẹ̀ fún mi, níwèé.
Ti fóònù kò ṣeé kọ́ sí ògiri."

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, bátìrì kú.
Mo ti ń di ẹrù nígbà tí Ìbídùn jí lórí ẹní,
ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sókè sí mi:
ìlà ẹní ti hàn níbẹ̀, òòró àti ìbú,
títí dé etí.
Ẹní ti ya tirẹ̀.
Kò sì ní kó má ṣẹ́jú.

Mo dúró, òkú kámẹ́rà lọ́wọ́ mi,
mo ń wo ìlà náà bó ṣe ń parẹ́
díẹ̀díẹ̀,
bó ti ń bi mí pé
ẹ̀pà ńkọ́.