Àpò Ìwé Tí A Kò Ṣí

Ní Brno, nísàlẹ̀ ilé, Zdislava ń ya àwòrán bébà.
Òtútù ti wọ ògiri. Iná ẹ̀rọ ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn.

Ohun tí Bohumír fi sílẹ̀ kò kún àpótí méjì.
Kò gbẹ́ igi. Kò kun ọ̀dà. Èrò ló ń rò.
Káàdì kan: Dúró lójú fèrèsé,
ka àwọn tí kò gbójú sókè.
Lẹ́yìn rẹ̀, pẹ́ńsù: mọ́kànléláàádọ́ta.
Fọ́tò kan: ipa ẹsẹ̀ lórí yìnyín,
ó lọ, kò bọ̀.

Nígbà ayé rẹ̀, ènìyàn mẹ́fà ló wá wò ó.
Ọlọ́pàá lọ̀kan nínú wọn.
Lánàá, ọmọ kan ní Montevideo tẹ fóònù,
ó rí káàdì náà,
ó dìde lọ sójú fèrèsé tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ó wá ku àpò ìwé kan. Ó ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa,
ó kọ ọ́ sí i lára:
Ẹni tó bá ṣí i ti bà á jẹ́.
Ọ̀gá ní gbogbo rẹ̀ pátá ni ká fi han aráyé,
owó ìjọba la fi ń ṣe é.
Zdislava gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n.
Ó fúyẹ́. Bóyá òfìfo ni.
Ó ya iwájú. Ó ya ẹ̀yìn.
Ó gbé e jáde fáyé.

Láàárọ̀ yìí, ẹgbẹ̀rún ojú ti kàn án.
Ẹnu rẹ̀ ṣì pa dé.